Wọ́n lé wa ni

Òjò yìí ò jẹ́ ká rímú mí lónìí. Mo ra gààrí, mo ra ẹ̀fọ́, iná ò sí. Ó tán.

Ọ̀rọ̀ màmá kan ni ò kúrò lọ́kàn mi. Inú dánfó la wà, a ń bọ̀ láti Ajah, ọkọ̀ dì pa ní Jakande. Ọmọkùnrin tó jókòó tì wọ́n bi wọ́n pé, "Ìgbà wo lẹ kó kúrò ní Maroko, mà?" Màmá ò jẹ́ kó parí ẹ̀. "Ta ló kó kúrò? A ò kó kúrò o, ọmọ mi. Wọ́n lé wa ni." Wọ́n fi ọwọ́ tí òrùka bàbà wà gbá irin fèrèsé. "Wọ́n lé wa."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an.

Oṣù Keje 1990 ni wọ́n wó Maroko, àdúgbò kan ní Èkó. Ìjọba ológun Raji Rasaki, gómìnà Èkó nígbà náà, fún àwọn ará ibẹ̀ ní ọjọ́ méje, katapílà sì dé. Bíi 300,000 ènìyàn! Àwọn onílé díẹ̀ rí fúláàtì gbà ní Ilasan àti Ikota. Ayálégbé ńkọ́? Kálukú wá ibi gbà. Wọ́n ní ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀, pé omi lè gbé e. Ilé ńláńlá ló wà níbẹ̀ báyìí, iyanrìn ni wọ́n kó dà sí i. Ṣé iyanrìn ọ̀hún ò ṣeé dà nígbà tí àwọn màmá wà níbẹ̀ ni?

Ó dáa, ìlú gbọ́dọ̀ fẹ̀, mo mọ̀. Èkó ti kún. Àbí báwo ni wọn ì bá ti… Rárá o, mi ò gbà. Ní Otodo Gbame, àdúgbò àwọn apẹja kan l'Èkó, ní 2017, inú ọ̀sà làwọn kan sá kó sí nígbà tí wọ́n ń lé wọn. Ta ló ń kó kúrò nílé ẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Mo fẹ́ràn bí màmá ṣe sọ ọ́. Ohùn wọn ò gbọ̀n. Inú mi tiẹ̀ dùn díẹ̀, mi ò mọ ìdí ẹ̀.

Ọmọkùnrin yẹn ní, "Ẹ má bínú, mà." Kí ló kàn án ńbẹ̀? Wọn ò tíì bí i nígbà náà. Àwọn tó yẹ kó wá bẹ̀ wọ́n gan-an…