Yiwu nínú Jinhua: ìlú tó wà nínú ìlú

Ọjọ́rú

Ìlà àdírẹ́sì kan ṣoṣo ló gba ọjọ́ òní: Zhejiang Sheng, Jinhua Shi, Yiwu Shi, Futian Jiedao. Sheng ni ìpínlẹ̀, jiedao ni àdúgbò. Àwọn tó ń kó ọjà láti Ṣáínà wá sí Balógun àti Gbági mọ ìlà yìí dáadáa. Wọ́n ń rí i lára páálí, wọ́n ń rí i lórí ríìsíìtì. Síbẹ̀, ìbéèrè kan náà ló ń padà wá: ṣé Jinhua ni ọjà ńlá tí ẹrù wọ̀nyí ti ń wá wà ni, àbí Yiwu? Méjèèjì ni. Shi ni wọ́n ń pe ìlú níbẹ̀, ó sì jáde lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé ìlú kan wà nínú ìkejì. Kò sí àṣìkọ níbẹ̀ rárá.

Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ rú ni pé Jinhua kì í ṣe ìlú bí àwa ṣe mọ ìlú, ilé tó fara kan ilé pẹ̀lú ọjà láàárín. Odindi ẹkùn ni. Ilẹ̀ rẹ̀ lé ní 10,900 kìlómítà onígun mẹ́rin, òkè, oko ìrẹsì àti oko tíì ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn lọ́dún 2020, mílíọ̀nù 7 ó lé díẹ̀ ni wọ́n bá níbẹ̀. Irú ẹkùn bẹ́ẹ̀ 11 ló wà ní ìpínlẹ̀ Zhejiang, tí Hangzhou jẹ́ olú ìlú rẹ̀. Jinhua tún wá pín sí mẹ́sàn-án. Méjì jẹ́ qu, ìyẹn ìpín ìgboro: Wucheng àti Jindong. Ibẹ̀ ni àárín ìgboro Jinhua gan-an, ibẹ̀ sì ni ẹni tó bá ní òun ń lọ sí Jinhua ń lọ. Mẹ́rin jẹ́ shi kékeré: Lanxi, Yiwu, Dongyang, Yongkang. Mẹ́ta tó kù jẹ́ xian, ìyẹn àgbègbè ìgbèríko: Wuyi, Pujiang, Pan'an. Ẹgbẹ́ ni xian àti shi kékeré, ọ̀kan kò ju ìkejì lọ nípò. Yiwu fúnra rẹ̀, xian ló ń jẹ́ kó tó di shi lọ́dún 1988.

Ṣé Jinhua wá ni ọ̀gá Yiwu? Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ọ̀gá tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó gbogbo nǹkan. Ìpínlẹ̀ ló ni shi kékeré. Ẹkùn kàn ń bá a mójú tó o ni. Dai guan ni wọ́n ń pe ètò náà, bí ìgbà tí wọ́n bá fi ọmọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kó máa bá wọn tọ́ ọ. Ní Zhejiang, okùn yẹn tún dẹ̀ sí i, nítorí ìpínlẹ̀ ni àwọn shi kékeré àti xian ń bá ṣe ìṣirò owó tààrà. Lọ́dún 2006, ìpínlẹ̀ tún fún Yiwu ní púpọ̀ nínú àṣẹ ọrọ̀ ajé tó jẹ́ ti ẹkùn. Ọmọ àgbàtọ́ ti wá lókìkí ju alágbàtọ́ lọ báyìí, débi pé ọ̀pọ̀ oníbàárà Yiwu kò tilẹ̀ mọ̀ pé ibì kan wà tó ń jẹ́ Jinhua.

Bí a bá fẹ́ mọ ibi tí olùtajà ti wá lóòótọ́, nọ́ńbà ni ká wò, kì í ṣe ẹnu rẹ̀. Gbogbo ìpín ilẹ̀ ní Ṣáínà ló ní nọ́ńbà ẹlẹ́yọ mẹ́fà, a sì máa ń kà á ní méjì-méjì. 33 ni Zhejiang, 3307 ni Jinhua, méjì ìkẹyìn ló ń sọ ìpín inú rẹ̀. Bí méjì ìkẹyìn bá kéré sí 21, qu ni; láti 21 dé 80, xian ni; láti 81 lọ sókè, shi kékeré ni. Wucheng ni 330702, Jindong ni 330703. Wuyi ni 330723, Pujiang 330726, Pan'an 330727. Láti 330781 dé 330784 ni Lanxi, Yiwu, Dongyang àti Yongkang, bí mo ṣe tò wọ́n yìí.

Ìwé àṣẹ òwò tí wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri nínú ìsọ̀ ni nọ́ńbà yìí ti wúlò jù. Kóòdù ẹlẹ́yọ 18 wà lára rẹ̀. Ẹyọ kẹta títí dé ìkẹjọ ni nọ́ńbà ibi tí wọ́n ti forúkọ sílẹ̀. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 91330782, kọ́ḿpìnnì tó forúkọ sílẹ̀ ní Yiwu ni. Bí ó bá jẹ́ 92330782, ẹnì kan tó ń dá òwò ṣe ni. Bí 91 bá wà níbẹ̀, tí wọ́n sì ní ká san owó sí àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ èèyàn, ó yẹ ká béèrè ìdí kí owó tó kúrò lọ́wọ́. Bí olùtajà bá sì ní Yiwu ni òun ti ń ṣe ọjà, tí a wá rí 330784, Yongkang ni wọ́n ti forúkọ sílẹ̀. Èyí kì í sábà jẹ́ jìbìtì: ìsọ̀ wà ní Yiwu, ibi tí wọ́n ti ń ṣe é wà ní Yongkang. Àmọ́ ọkọ̀ gbọ́dọ̀ gbé ẹrù láti ibẹ̀ wá sí wíàháòsì, ẹni tó máa san owó ọkọ̀ yẹn sì ni ká kọ sínú ìwé kí a tó san àsansílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan tún kù: kọ́ḿpìnnì tó bá kó kúrò kì í pààrọ̀ kóòdù rẹ̀. Ibi tí wọ́n bí i sí ni kóòdù ń sọ, ó lè má jẹ́ ibẹ̀ ló ń gbé mọ́.

Yongkang, irin ni iṣẹ́ wọn, láti orí ilẹ̀kùn dé orí kọ́ọ̀pù tó ń gba omi gbígbóná dúró. Pujiang ń ṣe àgádágodo àti gíláàsì dídán. Dongyang gbajúmọ̀ fún igi gbígbẹ́, abẹ́ rẹ̀ náà ni Hengdian wà, níbi tí wọ́n kọ́ ààfin àtijọ́ sí fún yíya fíìmù. Pan'an lórí òkè ń gbin egbòogi. Ní ti Jinhua fúnra rẹ̀, itan ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi iyọ̀ pa tí wọ́n sì so rọ̀ ni gbogbo Ṣáínà fi mọ̀ ọ́n.

Omi wọn ló yà mí lẹ́nu jù nígbà tí mo kọ́kọ́ tẹjú mọ́ máàpù. Ìlà oòrùn ni òkun wà, síbẹ̀ ìwọ̀ oòrùn ni odò wọn ń ṣàn lọ. Ilẹ̀ náà rí bí àwo gbọọrọ tí òkè yí ká. Láti òkè Pan'an ni omi ti ń sọ̀ kalẹ̀ gba Dongyang. Tó bá dé Yiwu, wọn a máa pè é ní odò Yiwu. Tó bá dé ìgboro Jinhua, odò Wuyi, tó gbé omi Wuyi àti Yongkang wá, á pàdé rẹ̀, àwọn méjèèjì á wá di odò Jinhua. Ní Lanxi, odò Qu láti Quzhou tún dà pọ̀ mọ́ ọn. Ibẹ̀ ló tó ṣẹ́rí sí àríwá, tó gba ọ̀nà Hangzhou lọ bá òkun. Pujiang yà kúrò nínú ẹbí: odò tirẹ̀, Puyang, gba ọ̀nà Zhuji lọ.

Nígbà tí ọkọ̀ omi ló ń kó ẹrù, Lanxi tí omi ti ń pàdé ló lọ́jà. Wọ́n máa ń sọ pé Jinhua kéré, Lanxi tóbi, bẹ́ẹ̀ sì rèé, Jinhua ni ibùjókòó ìjọba. Fotang tó wà lábẹ́ Yiwu náà jẹ́ èbúté odò nígbà yẹn. Nígbà tí ojú irin dé ní àwọn ọdún 1930, Yiwu àti Jinhua ni ọ̀nà àgbà gbà. Lanxi bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Pé àbúrò lókìkí ju ẹ̀gbọ́n lọ, Yiwu kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lágbègbè yẹn.

Ilẹ̀ Yiwu fẹ̀ tó 1,105 kìlómítà onígun mẹ́rin, èèyàn inú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 1.9 lọ́dún 2020. Kò ní qu kankan. Jiedao mẹ́jọ ló ní, ìyẹn àdúgbò ìgboro, àti zhen mẹ́fà, ìyẹn ìlú kéékèèké ẹ̀yìn ìgboro. Niansanli wà nínú àwọn jiedao náà; máílì wọn mẹ́tàlélógún ni orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí, li ni wọ́n ń pe máílì náà, ọ̀kan sì jẹ́ ìdajì kìlómítà. Láti ibẹ̀ ni àwọn alárìnkiri ti ń gbé ṣúgà pupa kiri, tí wọ́n ń mi ìlù kékeré lọ́wọ́, tí wọ́n ń fi ṣúgà gba ìyẹ́ adìyẹ lọ́wọ́ àwọn ará oko. Ọdún 1982 ni ìjọba ibẹ̀ ṣí ọjà àkọ́kọ́ fún irú wọn.

Wàyí o, tí kò bá sí qu ní Yiwu, kí ló dé tí káàdì olùtajà ń sọ "si qu", ìyẹn qu kẹrin? Ọjà ńlá Futian ni. Wọ́n pín in sí qu, yi qu ni ìkíní, wu qu ni ìkarùn-ún: òdòdó àtọwọ́dá àti ohun ìṣeré ọmọdé ní ìkíní, báàgì àti agbòòrùn ní ìkejì, bírò àti gíláàsì ojú ní ìkẹta, ìbọ̀sẹ̀ àti fìlà ní ìkẹrin. Lẹ́yìn qu ni ẹnu ọ̀nà, lẹ́yìn ìyẹn àjà, lẹ́yìn ìyẹn òpópónà inú ọjà, nọ́ńbà ìsọ̀ ló kẹ́yìn. Ńlá máa ń ṣáájú kékeré. Ẹni tó bá dà á kọ bí òyìnbó ṣe ń kọ àdírẹ́sì máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ da awakọ̀ láàmú.

Àwọn orúkọ tó jọra ń ba nǹkan jẹ́ púpọ̀. Futian ti Yiwu àti Futian ti Shenzhen, bákan náà ni wọ́n ń kọ wọ́n, lẹ́tà kan kò yàtọ̀; bí Yiwu bá já sílẹ̀ nínú àdírẹ́sì, ẹrù lè forí lé gúúsù. Jiangdong jẹ́ jiedao ní Yiwu, ó tún jẹ́ zhen ní Jindong, Jinhua kan náà ni méjèèjì sì wà. Nítorí náà, a lè gbàgbé Jinhua kí ẹrù ṣì débẹ̀, ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé Yiwu. Wuyi tiẹ̀ tún jẹ́ ti ohùn, Yorùbá kò sì nílò àlàyé púpọ̀ lórí ìyẹn: Wǔyì tó wà ní Jinhua, ohùn ìkẹyìn rẹ̀ ń wálẹ̀, Wǔyí, òkè olókìkí tó wà ní Fujian, ohùn ìkẹyìn rẹ̀ ń gòkè. Àwọn méjèèjì ló ń gbin tíì. Nítorí náà, ká gba àdírẹ́sì ní lẹ́tà àwọn ará Ṣáínà, ká má fọwọ́ ara wa tún un kọ.

Jiedao tún ṣe pàtàkì fún ẹni tó bá fẹ́ sùn síbẹ̀. Àlejò tó bá dé sí òtẹ́ẹ̀lì, òtẹ́ẹ̀lì ló máa fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ilé ọ̀rẹ́ ló dé sí, òun tàbí onílé gbọ́dọ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá láàárín wákàtí 24, ní àgọ́ àdúgbò tí ilé náà wà gan-an. Ilé ní Jiangdong, àgọ́ Futian kọ́.

Oṣù kẹfà ni òjò wọn máa ń rọ̀ lọ́jọ́ dé ọjọ́, tí páálí ń fa omi, nítorí náà ọ̀rá ni ká fi wé ọjà nínú kí wọ́n tó lẹ páálí pa. Láti oṣù keje sí ìkẹsàn-án, ìjì líle máa ń ti èbúté Ningbo pa, ibẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú kọ̀ǹténà Yiwu ń gbà jáde. Tẹlifóònù nìkan ni kò mọ ẹ̀gbọ́n yàtọ̀ sí àbúrò: láti Lanxi dé Pan'an, 0579 ni gbogbo wọn ń tẹ̀.