Bí Tèmi Náà Ṣe Rí Nìyẹn

Ọjọ́rú, aago mẹ́sàn-án alẹ́ kọjá díẹ̀.

Mo ti dé láti Ṣágámù, níbi tí mo ti lọ rí dókítà nítorí nǹkan oṣù mi tó máa ń ya jù. Mo jẹ ìkọ́kọrẹ́ tó ṣẹ́kù lánàá, mo wẹ̀, mo dùbúlẹ̀, oorun kò wá. Gbólóhùn kan ló há sí mi létí láti àárọ̀, bí n kò bá sì kọ ọ́ sílẹ̀, mi ò rò pé ilẹ̀ ò ní í mọ́ bá mi lójúfò.

Orí bẹ́ǹṣì tí a ti ń dúró de dókítà ni mo ti gbọ́ ọ. Ìyá kan jókòó tì mí pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wọ yunifọ́ọ̀mù, ọmọ náà kò lè ju ọdún 15 lọ. Ìyá ló wá rí dókítà, ọmọ kàn sìn ín wá ni. Láàárín wákàtí méjì, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọmọ yẹn dìde lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Nígbà tó fẹ́ lọ lẹ́ẹ̀kẹrin, ó sọ nǹkan sí ìyá rẹ̀ létí. Ìyá náà ní, "Fara balẹ̀ jàre. Bí tèmi náà ṣe rí nìyẹn."

Kò jágbe mọ́ ọn o. Ohùn ìkẹ́ ló fi sọ ọ́, ó tún ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó wọ̀ mí lára. Ohùn yẹn ni màmá mi fi sọ ọ́ fún èmi náà.

Ọmọ ọdún 16 ni mí nígbà yẹn. Mo ṣubú lórí ìlà ní ilé ìwé, wọ́n gbé mi wálé. Màmá mi kúrò nídìí agbada gààrí, ó wọ yàrá, ó mú aṣọ kan jáde tó ti gé, tó ṣẹ́ po lọ́nà mẹ́ta, tó sì ti fi òwú dúdú ká etí rẹ̀ yíká. Ó kó mẹ́fà irú rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. "Bí tèmi náà ṣe rí nìyẹn. Ó máa mọ́ ẹ lára." Mo ṣì rí etí aṣọ yẹn lójú mi. Abẹ́rẹ́ ọwọ́ ló fi ká a, àmọ́ o ò ní rí ibi tí òwú ti wọ́. Èmi tí mo di aránṣọ lónìí, mi ò tíì rí ọmọ iṣẹ́ tó ká etí aṣọ mọ́ tónítóní bẹ́ẹ̀.

Màmá mi ní ìró dúdú kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Tí a bá ti rí i nídìí rẹ̀, àwa ọmọ á mọ̀ pé kí á má dà á láàmú. Yóò dúró nídìí iná náà ṣá, yóò máa ro gààrí, òógùn á bò ó, yóò wá jókòó lójijì bí ẹni tí wọ́n tì. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, á tún dìde. Mo rò pé iná ló ń mú un.

Ó máa mọ́ ẹ lára. Ọdún 26 rèé.

 

Dókítà tó rí mi lónìí, obìnrin ni, kò sì kánjú. Mo ti múra sílẹ̀ de irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún mi níbì kan lọ́jọ́sí, pé kí n lọ bímọ kan sí i, ẹ̀jẹ̀ náà á dínkù. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní páàdì mélòó ni mo ń lò. Mo ní ní ọjọ́ kejì àti ìkẹta, wákàtí kan, ọ̀kan, mo sì ń to méjì lé ara wọn lóru. Ó ní ìyẹn ti pọ̀ jù. Ó ní nígbà kan, ìwé wọn ní ẹ̀jẹ̀ tó bá ju mílílítà 80 lọ nínú nǹkan oṣù kan ni ó pọ̀ jù, ìyẹn bíi ṣíbí kékeré 16, ṣùgbọ́n ta ló ń fi ṣíbí wọ̀n ọ́n nílé? Ohun tí wọ́n ń bi obìnrin nísinsìnyí ni bóyá ó ń dí i lọ́wọ́ láti gbé ìgbé ayé rẹ̀. Omijé bọ́ lójú mi níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí ní irú rẹ̀ rí.

Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, "Nínú ìdílé yín, ta ló tún ń rí i bẹ́ẹ̀?"

Mo dákẹ́ lọ. Ibi tí màmá mi parí ọ̀rọ̀ sí ni dókítà ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní ìjù, èyí tí wọ́n ń pè ní fibroid, máa ń rìn nínú ẹbí. Ó ní àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé láti inú oyún ni ẹ̀jẹ̀ wọn kì í ti tètè dì, tí ìyá tàbí bàbá fi í jogún fún wọn, tí wọ́n á sì máa rí nǹkan oṣù yàlàyàlà láti ìgbà àkọ́kọ́. Ó bi mí bóyá wọ́n yọ eyín mi rí tí ẹ̀jẹ̀ kò dá. Wọ́n á yẹ ìyẹn náà wò.

Síkáànù fi hàn pé ìjù mẹ́ta ló wà, èyí tó tóbi jù jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 4, ó sì yọrí sínú ilé ọmọ. Ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ mi, tí wọ́n ń pè ní PCV, jẹ́ ìdá 24 nínú 100. Wọ́n ní ti obìnrin yẹ kó tó 36. Omi dídì tí mo máa ń run wúyẹ́wúyẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, mo ti ń rò pé ooru ni. Wọ́n ní ara tí irin kù díẹ̀ káàtó nínú rẹ̀ ló máa ń fẹ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Tranexamic acid ni oògùn tó kọ fún mi ń jẹ́. Hóró 2, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, kìkì ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya, kò sì gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ 4. Kì í dá nǹkan oṣù dúró, ṣe ló ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó ti dì má tètè yọ́. Kó tó kọ ọ́ fún mi, ó bi mí bóyá ẹ̀jẹ̀ dì sí mi lẹ́sẹ̀ tàbí nínú ẹ̀dọ̀fóró rí. Oògùn ẹ̀jẹ̀, èyí tó ní irin nínú, náà wà níbẹ̀, kí n fi ọsàn sìn ín, kí n má fi tíì sìn ín, kí àyà mi má sì já tí ìgbẹ́ bá dúdú. Ó tún sọ nípa èyí tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ, tó máa ń tú oògùn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún 5, àti iṣẹ́ abẹ. Ti iṣẹ́ abẹ yẹn... mi ò tíì fẹ́ ronú sí i. Oṣù mẹ́ta ló fún mi.

Nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀ bọ̀, inú bí mi sí màmá mi. Kí ló dé tí kò gbé mi lọ síbì kankan? Nígbà tí a fi máa dé Odógbólú, inú mi ti rọ̀. Ta ni yóò ti sọ fún un? Nígbà tí a dé Ìjẹ̀bú-Òde, mo rántí ọmọ iṣẹ́ mi kan tó ní kí n jẹ́ kí òun dùbúlẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn kọ́tìnì, tí mo ní kó mú ọkàn le, bí tèmi náà ṣe rí nìyẹn. Èmi ni mo sọ ọ́. Mo tún fi ohùn ìkẹ́ sọ ọ́. Ó ti ṣe fúrídọ̀ọ̀mù, ó ti lọ. Mo ní láti wá nọ́ńbà rẹ̀.

Mi ò sì sọ nǹkan kan fún ìyá tó wà lórí bẹ́ǹṣì. Mo kàn yọ páàdì méjì nínú báàgì, mo tẹ̀ ẹ́ lé ọmọ náà lọ́wọ́. Nígbà tí mo jáde lọ́dọ̀ dókítà, wọ́n ti lọ.

Mo pe màmá mi ṣáájú kí n tó dùbúlẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀yin nígbà yẹn, ọjọ́ mélòó ni, mà?"

Wọ́n dákẹ́ pẹ́. "Mẹ́sàn-án. Ìgbà míì, mẹ́wàá."

"Ó máa ń dì?"

"Bí ẹ̀dọ̀."

Mo ní ṣé wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni ni. Wọ́n ní wọ́n sọ fún ìyá wọn. Mi ò béèrè ohun tí ìyá wọn sọ. Wọ́n tún dákẹ́, mo ń gbọ́ rédíò wọn lẹ́yìn. Wọ́n wá ní, "Oògùn tí wọ́n fún ẹ yẹn, ṣé kò korò?"

Mo ní kò korò, mà.

"Jọ̀ọ́, máa lò ó."