Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nídìí Káńtà

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń múra àtiṣí súpámákẹ́ẹ̀tì ní Kàbà, Ìyàrà, Mọ̀pà tàbí Ìsánlú ní ìpínlẹ̀ Kogí, okun o. Àwọn kan ń sọ pé ìwà ọmọ iṣẹ́ sí oníbàárà ló pa àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì ńlá inú mọ́ọ̀lì; ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ yẹn dẹ́rù bà yín. Lóòótọ́, Game, ilé ìtajà ńlá láti South Africa, kógbá wọlé ní Nàìjíríà lọ́dún 2022. Shoprite náà ti ilé ìtajà rẹ̀ ní Kánò pa ní oṣù kìíní 2024, ó sì ti ti Wuse Zone 5 l'Ábújá ní ìparí oṣù kẹfà ọdún kan náà. Ìwà ọmọ iṣẹ́ nìkan kọ́ ló fà á. Dọ́là ni wọ́n fi ń ṣírò owó ilé ní ọ̀pọ̀ mọ́ọ̀lì, náírà sì ti ń wó tipẹ́, kó tó wá wó gan-an ní oṣù kẹfà 2023. Ẹ wá ro dísẹ́ẹ̀lì tí ń mú irú ilé bẹ́ẹ̀ tutù mọ́ ọn. Kò sí ẹ̀rín akáṣíà tó lè san gbèsè yẹn.

Ṣọ́ọ̀bù tiyín ò san dọ́là. Orí káńtà ni ikú tiyín wà. Bí oníbàárà bá sì ní ọmọ iṣẹ́ yín rí òun fín, kí ẹ tó gbá ọmọ náà létí, ẹ wo ètò tí ẹ ṣe fún un. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀gá ló ti ti ọmọ sínú ìjà kó tó lanu.

Ẹ jẹ́ ká mú iye ọjà. Wọ́n kọ 1,800 síwájú mílíìkì, ẹ̀rọ pe 2,100. Ìyá àgbà ní irọ́ ni, akáṣíà ní ohun tí ẹ̀rọ sọ lòun mọ̀, ariwo dé. Òfin ààbò oníbàárà ti ìjọba àpapọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní ti 2018, ti dá ẹjọ́ yẹn: ẹ ò gbọdọ̀ gbà ju iye tí ẹ kọ síta. Ohun tó sì ń fa àṣìṣe náà ò ju pé wọ́n yí ẹ̀rọ padà láàárọ̀, ẹni tó máa pààrọ̀ bébà orí pẹpẹ wà nídìí ẹrù. Bí ọjà bá wọ́n sí i, bébà orí pẹpẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀, kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Bó bá wálẹ̀, ẹ̀rọ ni kó ṣáájú, bébà tẹ̀lé e. Bí ẹ bá ṣe é báyìí, bí iṣẹ́ tilẹ̀ dúró lágbedeméjì, kò sẹ́ni tó máa san ju ohun tó kà lọ. Alẹ́ ni kí ẹ máa ṣe é, lẹ́yìn tí ẹ bá ti ilẹ̀kùn. Láàárọ̀, kí ẹnì kan mú ogún ọjà lórí pẹpẹ, kó yẹ̀ wọ́n wò lórí ẹ̀rọ. Bí méjì bá yàtọ̀, ẹ yẹ gbogbo pẹpẹ náà wò.

Ti ṣénjì kò le rárá, ìwà ọ̀lẹ ló sọ ọ́ di wàhálà. Ẹ fi 10,000 náírà sílẹ̀ kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn: 200 mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, 100 ọgbọ̀n, 50 ogójì. Bí owó wẹ́wẹ́ bá wọ́n, àwọn awakọ̀ inú gáréèjì àti ìyá alákàrà ló ní in. Ẹ bá wọn ṣàdéhùn lálẹ́ ọjọ́ ọjà. Ọjà tí ẹ kọ 1,180 sí, ẹ sọ ọ́ di 1,150 tàbí 1,200 ní tààrà. Súìtì kì í ṣe owó, ẹ yé fi ṣénjì fúnni.

Ti tiransifà ló ń jẹ àkókò jù. Ẹ wo bí ó ṣe máa ń rí: ọkùnrin kan ti gbé ọjà sínú ọ̀rá, ó ti fi owó ránṣẹ́, ọmọ iṣẹ́ ní "álẹ́ẹ̀tì ò tíì wọlé", ó dúró ogún ìṣẹ́jú bí olè, àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ ń wò ó. Ẹ má gbára lé álẹ́ẹ̀tì orí ìlà fóònù, ó máa ń pẹ́. Ẹ ya àkáǹtì kan sọ́tọ̀ fún káńtà, kí áàpù rẹ̀ wà lórí fóònù tí kò ní kúrò níbẹ̀, kí ọmọ iṣẹ́ lè wo àkọsílẹ̀ owó tó wọlé fúnra rẹ̀, láìgbé owó jáde. Àwòrán orí fóònù oníbàárà kì í ṣe ẹ̀rí, ayédèrú pọ̀. Bí owó kò bá wọlé, ẹ gba nọ́ńbà gígùn onídíjíìtì ọgbọ̀n (Session ID) tó wà lórí rísíìtì tiransifà rẹ̀. Òun ni báǹkì fi ń tọpa owó. Ti POS tó gé owó oníbàárà, tí owó náà ò sì dé ọ̀dọ̀ yín ńkọ́? Ẹ kọ nọ́ńbà onídíjíìtì méjìlá tí wọ́n ń pè ní RRN, èyí tí wọ́n fi ń tọpa owó POS, sínú ìwé, ẹ fún oníbàárà ní ẹ̀dà. Àṣẹ tí Báńkì Àpapọ̀ fi lélẹ̀ ní 2020 ni pé kí irú owó bẹ́ẹ̀ padà láàárín wákàtí 72. "Ẹ lọ sí báǹkì yín" kì í ṣe ìdáhùn fún ẹni tó wọ ọ̀kadà wá láti Búnú.

Fírísà: bó bá kún, tí ẹ ò sì ṣí i, ó lè di tútù mú fún wákàtí 48 tí iná bá lọ. Bó bá dé ìdajì, 24 ni. Fíríìjì ò ju mẹ́rin lọ. Ẹja tó yọ́ tó tún dì máa ń ní omi dídì pẹlẹbẹ ní ìsàlẹ̀ ọ̀rá. Ẹ má tà á. Ẹni tó ti gbé Lọ́kọ́jà létí odò máa mọ̀ kó tó dé ilé.

Ẹ yọ ìwé "ọjà tí a bá ti tà kò ní àbọ̀" kúrò lára ògiri. Òfin ààbò oníbàárà kan náà fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tó bàjẹ́ padà. Ẹ fún akáṣíà ní àṣẹ 2,000 náírà: ohun tó bá wà láàárín iye yẹn, kó yanjú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ láìpe ọ̀gá, kó kọ orúkọ ọjà, iye owó àti ìdí rẹ̀ sínú ìwé. Ọ̀gá tó gbọ́dọ̀ ti ìlú Ẹ̀gbẹ̀ fóònù kí wọ́n tó pààrọ̀ bùrẹ́dì tó hu olu, òun ló ń lé oníbàárà. Ẹ sì ka ìwé náà lálẹ́ Sátidé. Bí ọjà kan bá jáde nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ pe ẹni tó ń kó o wá fún yín.