Aboyún tó gba ti tẹ́tánọ́ọ̀sì, tó kọ ti Kòrónà

Ẹni tó bá mọ bí ọjọ́ aboyún ṣe ń rí ní ilé ìwòsàn alábọ́dé, yálà ní Òdògbolú tàbí ní Ìpẹru, mọ̀ pé abẹ́rẹ́ kọ́ ló ń ba àwọn ìyá wa lẹ́rù. Ti tẹ́tánọ́ọ̀sì kì í dá ariwo sílẹ̀. Wọ́n á na apá, wọ́n á gba 0.5 ml, wọ́n á padà wá gba èkejì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4 ó kéré tán, kó sì ti pé ọ̀sẹ̀ 2 kí wọ́n tó bímọ. Àwọn yìí kan náà ló fà sẹ́yìn nígbà tí ti Kòrónà dé lọ́dún 2021. Ẹni tó bá ní àìmọ̀kan ló fà á kò tíì bá wọn jókòó.

Wọn kò fi aboyún sí àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fi dán àwọn abẹ́rẹ́ náà wò. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní 2021, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní kí aboyún má tíì gba ti Moderna, ọ̀kan nínú àwọn abẹ́rẹ́ Kòrónà náà, àfi ẹni tí iṣẹ́ tàbí àìsàn rẹ̀ bá fi sínú ewu. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, wọ́n tún un sọ lọ́nà mìíràn. Kí Amẹ́ríkà tó wá la ẹnu pé kí gbogbo aboyún gbà á, ó di oṣù kẹjọ. WhatsApp ò dúró de ẹnikẹ́ni ní tiẹ̀. Wọ́n ti ní ó ń sọni di àgàn.

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi bàbá wọn, mà," ni aboyún á wí. Nọ́ọ̀sì tó bá ka èyí sí àwáwí ti ṣì í. Ìyá ọkọ ní ọ̀rọ̀ sọ lórí oyún, àgbẹ̀bí ìjọ náà ní tiẹ̀. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ ní kó mú wọn wá lọ́jọ́ aboyún tó ń bọ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sára káàdì rẹ̀.

Bó bá béèrè pé, "Ṣé kò ní ran ọmọ inú mi?", ẹ má fi "kò séwu" lé e lọ. Èsì tó wà fún ti AstraZeneca, abẹ́rẹ́ Kòrónà tí a ń gbà nígbà náà, ni pé wọ́n ti gba agbára ìbísí lọ́wọ́ kòkòrò tí wọ́n fi ṣe é, àti pé ohun ìjà tí ara ìyá bá ṣe máa ń gba ibi ọmọ dé ara ọmọ. Ẹ sọ fún un pẹ̀lú pé apá lè dùn ún, ara sì lè gbóná fún ọjọ́ kan sí méjì. Paracetamol 500 mg méjì ni kó lò; kó má fọwọ́ kan ibuprofen, pàápàá bí oyún bá ti pé ọ̀sẹ̀ 20. Bí ẹ ò bá sọ ọ́ ṣáájú, ara gbígbóná òru ọjọ́ yẹn ni gbogbo àdúgbò máa gbọ́.

Ẹjọ́ kan wà tí kì í ṣe ti ìyá rárá. Ìgò AstraZeneca tó kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà, ti ènìyàn 10 ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá sì ti ṣí i, wákàtí 6 péré ló ní. Bí aboyún mẹ́ta bá dé nígbà náà, ṣíṣí i á máa ṣe nọ́ọ̀sì bí ìnákúnàá, á ní kí wọ́n padà wá. Ẹni tó gun ọ̀kadà láti oko ẹ̀yìn Ìjẹ̀bú-Igbó, ó ti lọ nìyẹn. Ọjọ́ aboyún gan-an ló yẹ kí wọ́n ti máa ṣí i nígbà náà, kí ọkọ àti ìyá ọkọ tó sin wọn wá fi ara wọn pé mẹ́wàá.