Ẹ Ka Jeremáyà 29 Láti Òkè Wá

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń múra àtijáde ní yunifásítì LAUTECH, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ohun tí ẹ máa ń bi mí jù lẹ́yìn ìsìn ni bí èèyàn ṣe ń mọ ohun tí Ọlọ́run fẹ́ fi ọ̀la òun ṣe. Èsì mi kì í fi bẹ́ẹ̀ dùn mọ́ yín: lọ́pọ̀ ìgbà, a kì í mọ̀ ọ́n. Ábúráhámù gan-an, Hébérù 11:8 ní ó jáde láìmọ ibi tó ń lọ.

Nígbà tiwa ní Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ara ilẹ̀kùn yàrá wo lẹ ò ti ní bá Jeremáyà 29:11? Èrò àlàáfíà, kì í ṣe ti ibi. Ẹsẹ tó dára ni. Àmọ́ lẹ́tà ni orí yẹn, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bábílónì ni wọ́n kọ ọ́ sí. Wòlíì kan tó ń jẹ́ Hananáyà ti kéde pé kí ọdún 2 tó pé, wọn yóò ti padà sílé. Jeremáyà ní irọ́ ni, 70 ọdún ni. Ẹ rò ó wò: púpọ̀ nínú àwọn tó gbọ́ lẹ́tà yẹn, ibẹ̀ ni wọn yóò kú sí. Àwọn wọ̀nyí náà ni Ọlọ́run ní kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n dáko, kí wọ́n fẹ́yàwó, kí wọ́n sì máa gbàdúrà fún ìlú tó kó wọn lẹ́rú.

Nígbà tí ìyanṣẹ́lódì ń gùn tí ẹnikẹ́ni ò mọ ìgbà tí a máa wọlé, èmi àti ẹni tí a jọ ń gbé yàrá kọ ebè sẹ́yìnkùlé, a gbin tẹ̀tẹ̀ àti ewédú. Ìdájí la ti ń fa omi kànga bù wọ́n, kí oòrùn tó mú. Màmá olóúnjẹ ojú títì ló ń rà á lọ́wọ́ wa, á sì máa ṣa ewé tí kòkòrò jẹ sọ́tọ̀ níṣojú wa kó lè já owó. Àdúrà tí mo gbà nídìí ebè yẹn ju ti inú yàrá lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ Ọlọ́run di babaláwo. Ẹni tó ń ti orí òkè kan bọ́ sí òmíràn, tó ń wá ẹni tí yóò ríran sí i bóyá Ìbàdàn ni kó gbé tàbí Kánádà, ọ̀la ló ń wá, kì í ṣe Ọlọ́run. (Mo mọ̀ pé èyí máa bí àwọn kan nínú.)

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọjá níwájú ilé ìwòsàn Bowen lójoojúmọ́, ṣé ẹ mọ̀ pé Bowen, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é, ò rí ìkankan nínú rẹ̀? Ó dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855. Ní 1856, àìsàn dá a padà sí Amẹ́ríkà, kò sì tún wá mọ́. Ó kú ní 1875. Sẹ́mínárì Onítẹ̀bọmi wa, 1898 ló bẹ̀rẹ̀; dókítà Green tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwòsàn náà, 1907 ló dé.

Ẹ kọ̀wé wáṣẹ́ yín, ẹ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tó bá wà nítòsí. Ẹ̀rù ṣì lè máa bà yín lóru. Ó máa ń ba èmi náà. Sáàmù 131 ni mo máa ń kà nígbà náà. Ẹsẹ 3 péré ni, kì í pẹ́ há sórí.