Ọmọ tó ń dúró de físà: ohun tí iṣẹ́ olùkọ́ kọ́ mi ní Muṣin

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ olùkọ́, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí òbí wọn ti japa ni mo fẹ́ bá yín sọ, torí ẹ máa bá wọn nínú kíláàsì yín.

Kì í ṣe àìlówó ló ń dí wọn lọ́wọ́. Bàtà wọn dára, ìwé wọn pé. Ẹni tó máa ṣí ìwé náà wò lálẹ́ ni kò sí. Ìyá àgbà tó jí lọ ra ata ní Mile 12, tó tà á títí ilẹ̀ fi ṣú, ti rẹ̀ ẹ́ kó tó délé. Ọmọ á ní òun ti ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Ìyá tó wà ní Toronto náà fẹ́ mọ̀, ṣùgbọ́n Èkó fi wákàtí márùn-ún tàbí mẹ́fà ṣíwájú wọn níbẹ̀. Kó tó ti ibi iṣẹ́ dé, ọmọ ti sùn.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ọmọ tí wọ́n sọ fún pé "a máa tó wá mú ọ". Mo ṣí ìwé ọmọ SS2 kan wò, ọjọ́ tí a kọ sójú pátákó nìkan ló dà kọ: ti Mọ́ńdè, ti Túsìdeè, ti Wẹ́sìdeè. Abẹ́ rẹ̀ mọ́ fo. Ó ní, "Ẹ má bínú ma, mi ò ní ṣe WAEC níbí." Ó dá a lójú. Bẹ́ẹ̀, ilẹ̀kùn náà kò ṣí gbayawu bíi tàtijọ́. Láti oṣù Kìíní ọdún 2024 ni UK ti ní kí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bọ̀ má kó ọmọ dání mọ́. Nígbà tó di oṣù Kẹta, wọ́n sé e mọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó náà. Ọjọ́ orí pàápàá kì í dúró de físà.

Ẹ má ja ọmọ láyà, ẹ má sì bú òbí rẹ̀. Nítorí ọmọ náà ni wọ́n ṣe lọ. Ẹ kàn sọ fún un pé kó ṣe WAEC ná. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ní UK gan-an ń gba kírẹ́díìtì Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀, torí náà kò ní ṣòfò bí físà bá dé.

Ẹ tètè béèrè NIN pẹ̀lú. JAMB kì í gba ẹni tí kò ní i, NIN òbí tàbí alágbàtọ́ sì ni wọ́n fi ń ṣe ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16.

Nọ́ńbà ẹni tó ń sanwó nìkan kò tó nínú fáìlì. Ẹ wá ẹni tí ọmọ ń sùn sọ́dọ̀ rẹ̀ kàn. Bí ìyá àgbà bá wá gba èsì ìdánwò, ẹ má kàn na ìwé sí i. Ẹ fún un lága, ẹ ka máàkì kọ̀ọ̀kan fún un ní Yorùbá, kẹ́ ẹ sì sọ ibi tí ọmọ ti ń fà sẹ́yìn. Ẹ ní kó máa sọ fún ọmọ lálaalẹ́ pé, "Ka ohun tẹ́ ẹ kọ́ lónìí sí mi létí." Kò dìgbà tó bá mọ̀wé kó tó lè sọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ya fọ́tò èsì náà ránṣẹ́ sí ìyá ọmọ lójú ìyá àgbà, kí àwọn méjèèjì lè jọ mọ ibi tí ọmọ dé.