Ilé etí òkun tí a tà lẹ́yìn oṣù 16

Lọ́jọ́ tí a kó dé ilé etí òkun tí a rà láti máa gbé lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì, ọkọ mi jáde sí bákóní, ó na apá méjèèjì bí ẹyẹ tó fẹ́ fò, ó ní, "Ìyá Bọ́lá, ó parí. A ti dé ibi tí à ń lọ." Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Omi ń kọ mànà níwájú wa, atẹ́gùn tútù ń fẹ́ sí wa lára, a ò gbúròó mọ́tò kankan. Ọdún 31 ni mo fi ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo lo 22 nínú rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù àwọn tí eegun wọn ṣẹ́. Lójú ẹni tí etí rẹ̀ ti kún fún igbe ìrora, ìdákẹ́rọ́rọ́ yẹn ju owó lọ.

Oṣù 16 péré la lò níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó kú, a ò jà, ilé náà ò sì wó. A kàn ṣi ibẹ̀ yàn ni. Èyí tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé bí ẹnikẹ́ni bá wà tó yẹ kó tètè mọ̀, èmi ni.

Ẹ̀ẹ̀mẹta la ti lọ sinmi níbẹ̀ kí a tó rà á, ọjọ́ mẹ́wàá-mẹ́wàá, nígbà tí ojú ọjọ́ bá dára jù lọ. Ẹni tó wà nísinmi kì í wá ẹni tí yóò tún páìpù tó ń jò ṣe. Kì í tò sórí ìlà ní báńkì, kì í sáré oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ti tán nílé láti àná. A rí òkun, a ò rí ọjọ́ Ìṣẹ́gun lásán tí òjò ń rọ̀, tí kò sí ibi kankan tí a fẹ́ lọ.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ti rí irú àṣìṣe yìí tipẹ́. Lọ́dún 1998, David Schkade àti Daniel Kahneman (Kahneman yìí náà ló gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2002) bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní apá gúúsù California, níbi tí oòrùn ti ń ràn, àti ní agbègbè Midwest ní àárín Amẹ́ríkà, níbi tí òtútù ti ń mú, pé báwo ni ayé ṣe tẹ́ wọn lọ́rùn tó. Ìdáhùn àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n sọ bó ṣe máa rí fún ẹni tó dà bíi wọn ní apá kejì, tọ̀tún tòsì wọn ló ní ará California ni ayé yóò tẹ́ lọ́rùn jù. Oòrùn ti gba gbogbo ọkàn wọn, wọn ò rántí pé ará California náà ń san gbèsè, ó sì ń bá ìyàwó rẹ̀ fa ọ̀rọ̀. Bí òkun ṣe gba ọkàn tiwa náà nìyẹn.

Àtẹ̀gùn 19 ló wà láti ojú títì dé ẹnu ilẹ̀kùn wa, 13 mìíràn tún wà nínú ilé kí a tó dé yàrá tí à ń sùn. Ẹsẹ̀ mi ló kà wọ́n fún mi, lẹ́yìn tí a ti sanwó. Bẹ́ẹ̀ ní wọ́ọ̀dù, kí a tó dá aláìsàn sílẹ̀, ìbéèrè kan wà tí mi ò gbọ́dọ̀ má bi í: "Àtẹ̀gùn mélòó ló wà nílé yín? Níbo ni balùwẹ̀ wà sí ibi tí ẹ ń sùn?" Mo ti bi wọ́n títí ó fi dà bí orin lẹ́nu mi. Mo ti tọ́jú ìyá àgbà tí eegun ìbàdí rẹ̀ kán nínú balùwẹ̀ tó ti ń wẹ̀ fún ogójì ọdún. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó tó 684,000 ènìyàn tí ìṣubú ń pa lọ́dọọdún, àwọn tó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Mo mọ gbogbo èyí. Mo sì fọwọ́ síwèé ilé alátẹ̀gùn 32 pẹ̀lú ẹ̀rín.

Àmọ́ kì í ṣe àtẹ̀gùn ló kọ́kọ́ já wa kulẹ̀. Ojú ọkọ mi ni.

Glaucoma, àìsàn ojú tó ń ba iṣan ìríran jẹ́, ló ń ṣe é, kì í sì í pariwo. Ẹ̀gbẹ́ ló sábà máa ń gbà jẹ ojú wọlé, ẹni tó ní in á ṣì máa ka ìwé ìròyìn láìṣi lẹ́tà kan. Ó kọ́kọ́ fi ẹ̀gbẹ́ òsì ọkọ̀ wa ha òpó géètì, ó ní ẹni tó mọ òpó náà kò mọ̀ ọ́n dáadáa. Kò pẹ́ kò jìnnà, ó tún ha á, ẹ̀gbẹ́ òsì náà ni. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ife mẹ́ta ló dojú dé lórí tábìlì oúnjẹ. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo dìídì gbé ife omi sí ọwọ́ òsì rẹ̀, mo jókòó, mò ń wò ó. Ó nawọ́ mú ìwé ìròyìn, ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ sì gbá ife yẹn. Omi ṣàn dé etí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kán sílẹ̀, tó, tó, tó. Ó wojú mi. Kò bi mí pé ta ló gbé ife síbẹ̀.

Dókítà ní kó má wakọ̀ mọ́. Èmi ò sì kọ́ ọkọ̀ wíwà rí, nítorí láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra, òun ló ń wà á. Ẹ wá wo bí ilé wa ṣe yí padà lọ́jọ́ kan ṣoṣo, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbé òkúta kan kúrò lára rẹ̀. Ibùdókọ̀ bọ́ọ̀sì tó sún mọ́ wa jù, ìrìn ogójì ìṣẹ́jú ni, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè sì ni. Ilé ìwòsàn ńlá, wákàtí kan àtààbọ̀ tí ọ̀nà bá dá. Èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí tí rọpárọsẹ̀ bá kọlu ènìyàn. Oògùn tí wọ́n fi ń tú ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú ọpọlọ, láàárín wákàtí mẹ́rin àtààbọ̀ sí ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fún ni, bó bá sì ṣe yá tó ló ṣe ń ṣiṣẹ́ tó. Wọ́n á sì ti kọ́kọ́ ya àwòrán orí náà ná. Ẹ yọ ìgbà tí ẹ fi ń ronú pé bóyá ó rẹ̀ ẹ́ lásán ni. Ẹ yọ ìgbà tí ẹ fi ń wá ẹni tó ní mọ́tò. Kí ló kù?

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbà á sí ilé ìwòsàn fún iṣẹ́ abẹ ojú, òru mẹ́ta, mo sì dá wà nílé. Ní òru kejì, mo jáde sí bákóní tí a fi ń yangàn yẹn. Ilé mọ́kànlá ni mo lè rí láti ibẹ̀. Mo ka iná. Mẹ́ta ló tàn, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ iná ìta tó máa ń tàn fúnra rẹ̀. Ilé ìsinmi ni ìyókù, àwọn tó ni wọ́n máa ń wá fún ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dún, wọ́n á juwọ́ sí wa, wọ́n á lọ. Odidi ọdún kan ó lé, mi ò mọ orúkọ ẹnì kan tí mo lè pè lóru.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yé mi, tí mi ò sì tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí di òní. Gbogbo ìgbà tí à ń wá ilé, "àwa" là ń sọ. Ṣé yóò dùn mọ́ wa, ṣé yóò gbà wá. Bẹ́ẹ̀, àwa méjèèjì kọ́ ni yóò gbẹ̀yìn ilé. Ọ̀kan ni yóò kọ́kọ́ lọ. Ìbéèrè tó yẹ kí a fi ṣáájú ni pé: nínú àwa méjèèjì, ẹnikẹ́ni tó bá ṣẹ́kù, ṣé ó lè dá gbé ibí yìí? Tó bá jẹ́ èmi, rárá. Tó bá jẹ́ òun, rárá. Mo bi í nígbà tó padà dé. Ó dákẹ́ pẹ́, ó wá ní, "O ti ń sin mí báyìí?" Mo ní rárá, mò ń wá ilé ni. Ó rẹ́rìn-ín. Lọ́sẹ̀ yẹn la pe alágbàtà.

Tọkọtaya tí ọ̀ràn yìí bá kàn, ẹ má sá fún ìbéèrè yẹn nítorí pé ó dà bí èpè. Ẹni tó dá gbé náà, ẹ bi ara yín bí ẹ ó ṣe dá ṣe é lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi P.O.P. di ẹsẹ̀ kan tó kán.

Nígbà tí a wá ilé lẹ́ẹ̀kejì, ìwé kékeré kan àti téèpù ni mo mú dání. A kọ́kọ́ háyà fún ọdún kan, a ò rà. Nínú oṣù tí ojú ọjọ́ ibẹ̀ burú jù ni mo lọ wo àdúgbò náà, láàárín ọ̀sẹ̀. Mo wọn ilẹ̀kùn balùwẹ̀. Tí kò bá fẹ̀ tó 80 sẹ̀ǹtímítà, àga oníkẹ̀kẹ́ lè má kọjá níbẹ̀. Mo gbé báàgì tó wúwo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ilé ìtajà oògùn, mo sì gbé e padà. Mo jókòó sí ìta fún wákàtí méjì, mò ń wo ẹni tó ń kí ẹnì kejì rẹ̀. Alágbàtà rò pé orí mi ti dàrú.

Kì í ṣe èmi nìkan nirú nǹkan wọ̀nyí ń ká lára. Lọ́dún 2007, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé kan jáde lórí ìlú tó rọ àgbàlagbà lọ́rùn. Ìlú 33 ni wọ́n ti lọ bi àwọn àgbà fúnra wọn ní ohun tí wọ́n ń fẹ́. Ohun tí wọ́n kà sílẹ̀ níbẹ̀ kò jọ ìwé ìpolówó: àga tí ènìyàn lè fìdí lé lójú ọ̀nà, ilé ìyàgbẹ́ ìta tó mọ́, iná títì tó máa dúró kí àgbà tó ń fẹsẹ̀ wọ́ tó sọdá. Látìgbà tí mo ti kà á ni mo ti ń ka àga tó wà létí títì. Laarin ilé wa àti ibùdókọ̀, mẹ́rin ni.

Ọ̀rọ̀ pé kí á lọ gbé nítòsí ọmọ, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan kó tẹ̀ lé ọmọbìnrin rẹ̀. Ọdún kejì, ibi iṣẹ́ gbé ọmọ náà lọ sí ibòmíràn, ọ̀rẹ́ mi sì kù síbi tí kò mọ ẹnì kankan. Ọmọ ní ẹsẹ̀, ilé ò ní. Tí ibẹ̀ bá dára fún yín láìsí ọmọ, ẹ kó lọ.

Àwọn tó fẹ́ sọdá sí orílẹ̀-èdè mìíràn, ẹ ka òfin owó ìfẹ̀yìntì yín kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tó wá kó lọ sí Ọsirélíà tàbí Kánádà, ojú kan ni owó yẹn yóò dúró sí. Wọn kì í fi kún un lọ́dọọdún bí wọ́n ṣe ń fi kún ti àwọn tó wà nílé. Tó bá jẹ́ Amẹ́ríkà ló kó lọ, wọn á máa fi kún un. Kò bọ́gbọ́n mu lójú mi, àmọ́ bó ṣe wà nìyẹn. Medicare ti Amẹ́ríkà náà, ètò ìjọba tó ń sanwó ìtọ́jú àwọn àgbà, kì í sábà sanwó ìtọ́jú tí ẹ bá gbà lẹ́yìn odi. Oòrùn ibẹ̀ lè dùn, ṣùgbọ́n ta ni yóò san owó eegun?

Ọkọ mi kọ́kọ́ fẹ́ kí a lọ sí irú àdúgbò tí wọ́n kọ́ fún àwọn tó ti fẹ̀yìntì nìkan. Sun City ní Arizona, tí Del Webb, oníṣòwò ilé kíkọ́, ṣí ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1960, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ jù nínú irú rẹ̀. Títí dòní, ó kéré tán ẹnì kan nínú ilé gbọ́dọ̀ ti pé ẹni ọdún 55. Mo gbà pé ọ̀nà ibẹ̀ tẹ́jú, ohun gbogbo sì súnmọ́ra. Ṣùgbọ́n mo ti bá àwọn tó ti dàgbà gbé nínú wọ́ọ̀dù tó. Mo fẹ́ gbọ́ kí ọmọdé máa sunkún lókè orí mi, kí bọ́ọ̀lù máa bọ́ sí ojú fèrèsé mi. A fa ọ̀rọ̀ náà fún oṣù kan. Èmi ni mo borí, nítorí èmi ni mo di téèpù mú.

Ohun kan ṣoṣo tó tọrọ ni pé òun fẹ́ máa rí nǹkan láti ojú fèrèsé, níwọ̀n ìgbà tí ojú ṣì ń ríran. Mi ò bá a jiyàn rárá. Roger Ulrich gbé ìwádìí kan jáde lọ́dún 1984, lórí aláìsàn 46 tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ àpò òróòro fún ní ilé ìwòsàn kan ní Pennsylvania. Àwọn tí fèrèsé wọn kọjú sí igi tètè lọ sílé ju àwọn tí tiwọn kọjú sí ògiri bíríkì, oògùn ìrora tó le tí wọ́n lò sì kéré. Nítorí náà a ní igi kan. Kì í ṣe òkun. Igi kan ni, ẹyẹ kan tó ń pariwo jù sì wà lórí rẹ̀.

Ilé ìsàlẹ̀ la wà báyìí, yàrá méjì, kò sí àtẹ̀gùn kankan. Bákóní ò sí. Tí mo bá parọ́ pé mi ò ṣàárò omi yẹn láàárọ̀, Ọlọ́run á bi mí.

Lóṣù tó kọjá, mo lọ bá àbúrò mi fún òru mẹ́ta. Ní agogo méje alẹ́ ọjọ́ kejì, mo pe ọkọ mi. Fóònù dún títí, kò gbé e. Mo tún un pè. Àyà mi já, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka wákàtí. Nígbà tó kù díẹ̀ kí agogo mẹ́jọ lù, ó gbé e, ohùn àwọn ènìyàn ń dún lẹ́yìn rẹ̀.

"Níbo lẹ wà, Bàbá Bọ́lá?"

"Ilé kẹta, à ń ta dráfù. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Mo ní kò sí nǹkan. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n pè é padà tó bá yá, pé wọ́n fẹ́ jẹ ẹ́ ní ọmọ méjì.